Ibo Ni Ẹ̀jẹ̀ Náà Ti Ń Jáde?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọpẹ́ ni mo gbé wá. Ọlọ́run tó ṣe é ló ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní bu díẹ̀ pamọ́ fún ara mi níbẹ̀. Àmọ́ inú ń bí mi pẹ̀lú. Kí n tó gòkè wá síbí, mo sọ fún Pásítọ̀ pé mo ní ọpẹ́, mo sì ní ìbínú, wọ́n ní kí n sọ méjèèjì. Nítorí náà, tí ohùn mi bá le, ẹ má rò pé mo ti di aláìmoore.

Ọdún kẹrìnlá nìyí tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, mi ò di máìkì mú rí. Èmi ni Ìyá Dámi. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ mi á mọ iṣẹ́ mi. Ìwé ètò ìsìn tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Festac, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo sì ń ṣe fotokópì. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ mi fún mi: ohun tí o bá rí ni kí o tẹ̀. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Tí oníbàárà bá ṣe àṣìṣe, bi í léèrè, má dá a tún ṣe. Òfin yẹn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rú u, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo sì wá sọ.

Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ Ìhìnrere Máàkù ní Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ lójoojúmọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì àtijọ́ ti le jù fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọjà Trade Fair. Wọ́n pín orí mẹ́rìndínlógún náà láàárín ara wọn, kálukú sì fi ọwọ́ kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Tómilọ́lá ló ń darí wọn, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì yẹn, tó máa ń wọ kóòtù wá sí ìpàdé àdúrà ọjọ́rú. Òun ló ń kó àwọn ìwé náà wá fún mi láti tẹ̀.

Mo gbádùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní orí kejì, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ti dá òrùlé lu, tí wọ́n sì sọ aláìsàn wọn kalẹ̀ níwájú Jésù, ẹni tó kọ ọ́ fi lándílọ́ọ̀dù kan sí i, tó dúró sí àárín ilé tó ń wo ojú ọ̀run láti inú ihò náà. Mo pe Tómilọ́lá.

"Lándílọ́ọ̀dù yìí ò sí nínú Bíbélì o."

"Mọ́mì, ilé ẹnì kan ṣáà ni. Ẹ ro ojú lándílọ́ọ̀dù tiyín wò ná, tí wọ́n bá dá òrùlé ẹ̀ lu."

"Tèmi? Aláìsàn náà ló máa kọ́kọ́ fún ní kúìtì nóòtíìsì."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi sí lándílọ́ọ̀dù náà. Ẹ rí i pé mi ò fi ọwọ́ tèmi yọ ọ́. Mo béèrè ni.

Nígbà tó di orí karùn-ún, ọwọ́ mi dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ mọ obìnrin inú orí náà, ẹni tó gba àárín èrò kọjá tó fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́: "There was this woman. For twelve years, her period did not stop." Ní èdè tiwa, nǹkan oṣù obìnrin náà kò dá fún ọdún méjìlá.

Mo pa ìwé náà dé wàì. Ọkùnrin kan ń dúró de fotokópì ìwé mọ́tò rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ó ti kà á. Inú bí mi. Mo ní irú ọmọ wo nìwọ̀nyí? Ohun tí a kì í rà ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n bá wa fi ọ̀rá dúdú wé e, òun ni wọ́n kọ gbalaja sínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo ní wọn ò ní ìyá nílé ni?

Mo ṣí ìwé náà padà, mo sì ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo fo ọ̀rọ̀ náà. Mo lọ mú ọ̀rọ̀ inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí Bíbélì Yorùbá wa pè ní ìsun ẹ̀jẹ̀, òun ni mo tẹ̀ síbẹ̀. Mo tẹ ohun tí mi ò rí.

Tómilọ́lá dé nírọ̀lẹ́ látibi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ka ohun tí mo ti tẹ̀, nígbà tó yá ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, ẹ ti yí ibí padà."

"Mi ò lè tẹ ìyẹn."

"Kí ló burú ńbẹ̀, mà?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyẹn, Tómilọ́lá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀."

Kò bínú. Bí ọmọ Festac ni ó ṣe ń sọ Yorùbá, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta nínú omi, ṣùgbọ́n ó sọ èyí láìkọsẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ibo lẹ rò pé ẹ̀jẹ̀ náà ti ń jáde?"

Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sọ ìtàn obìnrin yìí fún wa. Mo nawọ́.

"Tíṣà, ibo ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń jáde?"

"Lára rẹ̀."

"Ibo lára rẹ̀, mà?"

"Fúnmiláyọ̀, jókòó."

Mo jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan oṣù tèmi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, obìnrin kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tó bá dá tó sì ti wẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń gbọ́ orin láti ìta. Mi ò bá wọn jà o. Àṣẹ wọn ni, wọ́n sì sọ ọ́ síta kí gbogbo ayé gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹnì kan, kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe gbogbo wòlíì tí mo ti gbọ́ ìwàásù wọn, tó so méjèèjì pọ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lé mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí Jésù pè ní ọmọ. Mo rò pé ìsun ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àìsàn ayé àtijọ́, bí ẹ̀tẹ̀, tí kì í ṣe ènìyàn mọ́. Mo rò pé bóyá ojú egbò ni, tàbí imú. Obìnrin ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, mo ti gbọ́ ìtàn yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ, imú ni mo rò.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi sì ń dà ní gbogbo àkókò yẹn. Ọdún kẹfà ló wà. Níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ni nínú oṣù. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ní ọdún tó kọjá, tí mo bá rí ọjọ́ mẹ́rin tí ó dá nínú oṣù kan, mo ti jẹ àǹfààní. Àgbo ni mo mu. Mo lo oògùn tí oníkẹ́míìsì ń fún mi láìbi mí ní ìbéèrè kan. Aṣọ dúdú ni mo ń wọ̀ wá síbí. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ìjókòó mi, ìró tí mo ká ní ìlọ́po mẹ́rin ló sì ń wà lábẹ́ mi. Àjà kẹta là ń gbé ní Raji Rasaki Estate, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ni mo ń dúró lé, tí mo ń ṣe bí ẹni ń ka mẹ́séèjì lórí fóònù, kí n lè mí. Yìnyín ni mo ń jẹ bíi búrẹ́dì, mi ò sì mọ ohun tó ń fà á. Ẹ̀yin sì ń yìn mí. Ẹ ní Ìyá Dámi mà ń rọra o, onírẹ̀lẹ̀ ni, kì í pariwo. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi.

Mo sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, Màmá Àgbà, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa. Mà, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ dárí jì mí, mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ṣé o ti sọ fún ẹlòmíràn?" ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

"Rárá, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni ẹ́, gbogbo wa la gba ibẹ̀ kọjá. Tó o bá ti pé àádọ́ta, á dá fúnra ẹ̀. Má lọ máa tú aṣọ ara ẹ níta."

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà, kí n kọ "àìlera ara" sínú ìwé ìbéèrè àdúrà. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ẹ̀yin jagunjagun àdúrà, ẹ gbàdúrà fún mi, mo dúpẹ́. Ẹ de ẹ̀mí ibà. Ẹ lé ibà jáde ní orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibà ò ṣe mí. Ọdún mẹ́fà la fi kọ lẹ́tà sí Ọlọ́run nípa àìsàn ẹlòmíràn. Òun mọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n afọ́jú inú Bíbélì pàápàá, ojú rẹ̀ tó fọ́ wà níbẹ̀ kedere, Jésù sì tún bi í pé kí ni ó fẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Tómilọ́lá bi mí ní ìbéèrè tí tíṣà mi ní kí n jókòó lé lórí, mo dìde kí n lọ mú ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, kó má baà rí ojú mi. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn, nítorí mo ti gbàgbé ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí àga mi.

Ó rí i. Kò ké, kò sì fọwọ́ bo ẹnu. Ó bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn mi wá, ó sì fi apá kóòtù náà so ó mọ́ mi nídìí. Lẹ́yìn náà ló fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé.

"Ọjọ́ mélòó, mà?"

"Ọdún mẹ́fà."

Ẹnu mi ló ti jáde. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà. Ẹ ò gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń pe Jésù ní "ẹ" bí ẹni ń bá bàbá àgbà kan sọ̀rọ̀. Ó ní, "Jésù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì ò fẹ́ dúró. Nǹkan oṣù ni. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí." Ó parí. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà lórí ìdúró, mo sì ń sunkún, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ó ní ó yá, ká lọ sí ọsibítù. Mo ní mo ní iṣẹ́ tí wọ́n máa wá gbà láàárọ̀, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "obìnrin inú Bíbélì yẹn, kò dúró sílé. Ó jáde ni."

Bí mo ṣe fi kóòtù ọlọ́kóòtù bo ìdí lọ sí ọsibítù kan ní Amúwò nìyẹn. Dókítà náà, obìnrin ni, fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó.

"Ta ló gbé yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọlé, mà."

Ó wo èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mú wá, ó ní kí wọ́n lọ tún un yẹ̀ wò, bóyá ti ẹlòmíràn ni. Tèmi ni. Ó sọ fún mi láìfi epo bọyọ̀ pé ká ní mo dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ilé mi ni wọn ì bá ti gbé òkú mi. Fàíbírọ́ìdì ló wà nínú mi, wọ́n sì ní àwọn ò lè fi ọ̀bẹ kàn mí àfi tí àwọn bá kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Bàbá Dámi fún mi ní ẹ̀jẹ̀. Tómilọ́lá fún mi. Àwọn méjì mìíràn nínú àwọn tó ń kọ Máàkù náà wá fún mi, ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ni lándílọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí mo pè ní aláìníyàá ló wà lára mi tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ mi kí n tó sọ èyí. Nígbà tó ti gáréèjì rẹ̀ ní Mazamaza dé lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló dúró sí.

"Ọdún mẹ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi rò pé o ti kọ̀ mí ni, Fúnmi."

Ọdún mẹ́fà la fi sùn bí àlejò méjì tí wọ́n há sí yàrá kan, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu mi kò lè pè. Ta ni kí n bínú sí?

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ẹ̀jẹ̀ náà dá, ó dá pátápátá. Oṣù karùn-ún nìyí. Dókítà ló fi ọwọ́ ṣe é, Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ògo jẹ́ tirẹ̀.

Ǹ bá parí síbẹ̀, ẹ ó sì ti jó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìwé kan dé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta tó ti ka ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọwọ́ kọ ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ìwé Máàkù náà tó jáde, kí n bá àwọn yọ ọ̀rọ̀ kan ní orí karùn-ún, kí n fi "àìsàn" rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún wá fúnra rẹ̀.

"Ìyá Dámi, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, àwọn ọmọdé ló sì máa kà á."

"Ọmọdé wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké yẹn."

"Àwọn gan-an ló ni ín, sà."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ẹ̀rọ fotokópì ló dá wọn lóhùn.

Mo fẹ́ bi ìjọ léèrè. Nígbà tí obìnrin yẹn fọwọ́ kan aṣọ Jésù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Jésù ì bá jẹ́ kó rọra lọ sílé rẹ̀. Kí ló dé tó dúró, tó ní ta ló fọwọ́ kan òun, tó sì ń wo àárín èrò títí obìnrin náà fi jáde tó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ọkùnrin àti obìnrin? Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nílé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń kánjú, Jésù sì dá gbogbo wọn dúró kí obìnrin kan lè sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ tán. Kò ní kó tẹ ohùn mọ́lẹ̀. Kò ní kó pè é ní àìlera ara. Ohun tí Olúwa dá ọ̀nà dúró fún, ta ni àwa tí a fẹ́ fi ọ̀rá dúdú wé e?

Mi ò bá àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa jà. Ìsun ẹ̀jẹ̀ dùn ní etí, ó sì tọ́. Àwa tí a kà á tí a kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ni mò ń bá wí, èmi náà sì wà nínú wọn, nítorí mo ní ọmọbìnrin méjì, mi ò sọ ọ́ fún wọn rí. Màmá Àgbà, nígbà tí ẹ wá kí mi ní ọsibítù, ẹ sọ fún mi pé ohun tí ẹ sọ fún mi yẹn ni ìyá yín sọ fún yín. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ dá a dúró síbí.

Mo ti tẹ ìwé náà tán. Ó wà lórí tábìlì níwájú Pásítọ̀. Ní orí karùn-ún, mo yọ èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi yí padà, mo sì tẹ ohun tí mo rí nínú ìwé àwọn ọmọ náà, lẹ́tà dé lẹ́tà. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, kó mú bírò, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi sí i níwájú gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wọ dúdú tí ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo mọ ìdí tí ẹ fi yan ibẹ̀. Mi ò ní wo ọ̀dọ̀ yín. Ṣọ́ọ̀bù mi ń ṣí ní aago mẹ́jọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé fà dé.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo aṣọ mi. Funfun ni, láti gèlè dé bàtà, láti ọdún mẹ́fà tí mi ò ti wọ̀ ọ́. Ìjókòó iwájú ni mo ti dìde wá, ibẹ̀ náà ni mò ń padà lọ jókòó sí, mi ò sì tẹ́ nǹkan kan sórí rẹ̀.

Ó tó. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run báyìí.